Ọ̀nà Igbó láti Abẹ́òkúta dé Etí Òkun



Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn bí ìhìnrere ti dé ilẹ̀ wa, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn òyìnbó méjì tàbí mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n gba inú igbó dúdú kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọjá, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ìtàn náà dùn ún sọ fún àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Àwa pàápàá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí àga ìwàásù ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń dàgbà sí i, tí a sì ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi ọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀, a rí i pé ìdajì òtítọ́ ni a ń sọ. Ọ̀nà ti wà kí míṣọ́nnárì kankan tó dé. Àwọn tí ó là á, àwọn tí ó sunkún lórí rẹ̀, àti àwọn tí ó kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ padà wá sí ilé, àwọn baba àti àwọn ìyá wa ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa rìn ní ọkàn yín lónìí, láti ẹsẹ̀ àpáta Olúmọ títí dé ibi tí ìgbì òkun gbé ń fọ́ sórí iyanrìn Àgbádárìgì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwa pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ nínú ìjọ wa fi ẹsẹ̀ rin apá kan nínú ọ̀nà náà, a sì fi mọ́tò parí èyí tí ó kù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti di oko àti títì. Ohun tí a rí ní ọjọ́ wọnnì, pẹ̀lú ohun tí a ti kà, ni a kó wá síwájú yín.

1. Bí ilẹ̀ náà ti tò lẹ́sẹẹsẹ

Bí ẹyẹ bá fò láti Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì, nǹkan bí 60 máìlì ni yóò fò. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀nà àtijọ́ kì í lọ tààrà. Ó ń yẹ igi ńlá sílẹ̀. Ó ń wá ibi tí odò gbé ṣeé là kọjá. Ó ń yà lọ sí ìlú tí ọjà wà. Bí ogun bá sì dé, ó ń yí padà pátápátá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ etí òkun.

Abẹ́òkúta jókòó láàárín àpáta. Bí a bá jáde kúrò níbẹ̀ tí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó la odò Ògùn kọjá. Lẹ́yìn odò náà, ilẹ̀ ọ̀dàn ni a kọ́kọ́ bá. Ní ìgbà òjò, koríko rẹ̀ a máa ga ju ènìyàn lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ a máa fi iná sun ún, ilẹ̀ a sì dúdú títí ọ̀mùnú titun yóò fi tún yọ. Àwọn igi rẹ̀ kò súnmọ́ ara wọn, wọ́n sì lọ́ mọ́lẹ̀ bí àgbà tí ó ti ru ẹrù púpọ̀. Níbẹ̀ ni oòrùn gbé ń pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sí ìhà gúúsù, ní ilẹ̀ àwọn tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ Yewa láti ọdún 1995, àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, títí a fi gbé ojú sókè tí a kò rí ọ̀run mọ́. A ti wọ inú igbó. Díẹ̀ ni ó kù nínú rẹ̀ nísinsin yìí, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí a mọ bí èyí tí ó ti lọ ti rí. Ní ọ̀sán gangan, ibẹ̀ tutù bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tí a fi òkúta kọ́. Àràbà na gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ bí ògiri tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí. Ìrókò dúró láìtẹ̀. Okùn igbó sì so wọ́n pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ wó, èkejì a dì í mú. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe.

Lókè lọ́hùn-ún, atíálá kan fò kọjá, ariwo ìyẹ́ rẹ̀ sì dà bí ẹni tí ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ iná. Ní ilẹ̀, ìjàlọ ń wọ́ kọjá lójú ọ̀nà bí okùn dúdú tí kò ní ìpẹ̀kun. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tí ó mú wa rìn ní apá ibẹ̀ kígbe pé kí a dúró; ó sì kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń fò wọ́n kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka àgùntàn. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ibi kan tí ilẹ̀ gbé jìn sísàlẹ̀ bí ojú àgbàrá, tí ewé gbígbẹ sì ti bò. Ó ní, “Ẹ̀yin Alùfáà, ọ̀nà àwọn baba wa nìyẹn. Kì í ṣe omi ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ ni.” A dúró níbẹ̀ pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwàdà láti òwúrọ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn igbó, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ lọ. Omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí farahàn láàárín igi, ògùrọ̀ sì gba ipò ọ̀pẹ. Odò Yewa ń sọ̀kalẹ̀ ní ìhà ibẹ̀ lọ pàdé ọ̀sà. Ní ìgbà òjò, àbàtà yìí ni ó ń dá àwọn èrò dúró ju ohunkóhun lọ. Nígbẹ̀yìn ni a yọ sí ọ̀sà, Àgbádárìgì sì wà ní etí rẹ̀, ìlú àwọn Ẹ̀gùn, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti bá wọn gbé láti ìgbà pípẹ́. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tín-ín-rín wà tí àgbọn ń hù lórí rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni òkun.

Ohun kan wà tí àwọn tí ó mọ̀ nípa igi àti ilẹ̀ kọ́ wa, tí ó sì ṣàlàyé ìtàn wa púpọ̀. Igbó ńlá tí ó lọ lẹ́bàá òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já ní àárín. Láti ìlà-oòrùn Gánà, kọjá Tógò àti Dàhómì tí à ń pè ní Benin báyìí, ọ̀dàn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí òkun. Ní apá ọ̀dọ̀ wa ni igbó gbé tún bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin kì í pẹ́ kú nínú igbó, ṣùgbọ́n ó lè rìn nínú ọ̀dàn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn yìí, níbi tí igbó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ni Ọ̀yọ́ gbé na ọwọ́ rẹ̀ dé etí òkun, ní ìgbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé.

2. Ta ni ó la ọ̀nà náà?

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ àti sí Àgbádárìgì. Wọn kò là á lójú kan. Ọdẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹran gbé ń lọ mu omi. Àgbẹ̀ tẹ̀lé ọdẹ. Obìnrin tí ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà tẹ̀lé àgbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ọba fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà láti gba owó. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì kò lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan a máa tẹ̀lé èkejì, ẹrù a sì wà lórí. Ohun tí ó ń gòkè lọ ni iyọ̀, aṣọ òkèèrè, ìbọn, tábà àti ọtí; èyí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ni aṣọ òfì, epo, àti ènìyàn.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1825, Clapperton, ará Scotland, gbéra ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander àti àwọn mìíràn. Kí oṣù January ọdún 1826 tó parí, wọ́n ti wà ní Ọ̀yọ́ Ilé níwájú Aláàfin. Méjì nínú àwọn òyìnbó tí ó bá a gbéra, Pearce àti Morrison, kú lójú ọ̀nà kí ọdún tó yí. Ìwé àwọn aláwọ̀ funfun a máa pe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ní ìṣàwárí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó ru ẹrù wọn? Ta ni ó fi ọ̀nà hàn wọ́n? Láti ìlú dé ìlú ni a ń fi wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àlejò ọba lé ara ẹni lọ́wọ́. A kò bu ọlá wọn kù. Ìgboyà wọn pọ̀, àwọn mìíràn sì fi ẹ̀mí wọn san án. Ohun tí a ń sọ ni pé a kì í ṣàwárí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti gbẹ́ di kòtò.

3. Ọ̀nà omijé

A dé ibi tí ó ṣòro fún wa láti sọ.

Láàárín ọdún 1820 sí 1830, ogun gba ilẹ̀ wa. Òwu parun, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ó wà nínú igbó parun tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìyókù wọn sì kó jọ sábẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní ọdún 1830. Ní gbogbo ọdún wọnnì, ẹni tí a bá mú lógun di ọjà, ọjà náà sì ní ibi kan tí ó ń lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà igbó ni ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n òkun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ní ọdún 1821, a mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. A fi í pààrọ̀ ẹṣin. A dá a padà. A tún tà á. A fi í gba tábà àti ọtí. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìhà etí òkun ni a ń mú òun lọ, níbi tí àwọn Potogí gbé ń ra ènìyàn, ó gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á láti ṣe é tán. Ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí omi ńlá tí a ní kí ó wọ inú ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, ẹ̀rù bà á ju ohun gbogbo tí ó ti rí lọ. Ọ̀nà tirẹ̀ sọ sí Èkó, kì í ṣe sí Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún rí lórí ọ̀nà tí a ń rìn yìí.

Ó rọrùn fún wa láti dá òyìnbó olówò ẹrú lẹ́bi, ẹ̀bi rẹ̀ sì pọ̀ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò wọ inú igbó wá mú wọn. Etí òkun ni ó jókòó sí. Àwa ni a mú wọn sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni à ń bá wí. Nínú ilé tiwa, àwọn àgbà sọ fún wa ní ìkọ̀kọ̀ pé baba ńlá wa kan jókòó ní ẹnu bodè lórí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ẹni tí ó ru epo san owó ẹyọ fún un. Ẹni tí ó fa ènìyàn nínú okùn san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó náà ni a fi kọ́ ilé. Inú ilé náà ni a bí baba baba wa sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún a kò sọ èyí fún ìjọ. A ń sọ ti míṣọ́nnárì, a ń sọ ti Àjàyí, a kò sì sọ ti oníbodè. Bí a ti dúró lẹ́bàá kòtò tí ẹsẹ̀ gbẹ́ yẹn, ó hàn sí wa pé a kò lè máa dúpẹ́ fún àwọn tí ó padà bọ̀, kí a sì máa fi àwọn tí ó gba owó nígbà tí wọ́n ń lọ pamọ́.

4. Ọ̀nà àbọ̀

Ní ọjọ́ 7, oṣù April, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ Potogí tí a kó Àjàyí sí. Ní oṣù June, a sọ ọ́ sí ilẹ̀ ní Sàró, ní òmìnira. Bí a ti ṣe sí i ni a ṣe sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa mìíràn. Ní Sàró wọ́n kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ilé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní ọdún 1839, kì í ṣe ìjọ kankan, kì í sì í ṣe ìjọba ni ó rán wọn: àwọn oníṣòwò Sàró ra ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì kọ orí rẹ̀ sí ilé. Àwọn tí ó sọ̀ sí Èkó, a kó ẹrù wọn lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ni àwọn púpọ̀ ṣe yan Àgbádárìgì, tí wọ́n sì gba ọ̀nà igbó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà, àwọn ènìyàn wa ní Sàró kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà pé kí ó jẹ́ kí àwọn dá ìletò sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ìjọba kò gbà fún wọn. Wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ará. Ẹni tí a so ní okùn mú sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀nà kan, tí ó ti dé ibi ààbò, tí ó ní ilé àti ọjà níbẹ̀, ó tún fi owó ara rẹ̀ padà wá, ó sì tún wọ inú igbó kan náà. Ta ni nínú wa ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní wárìrì?

Àwọn wọ̀nyí ni ó ránṣẹ́ pe míṣọ́nnárì. Ní oṣù March ọdún 1841, James Ferguson, ọ̀kan nínú wọn tí ó ti tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, kọ lẹ́tà sí àwọn ará Wesley ní Sàró pé kí a rán oníwàásù sí àwọn. Ìpè yẹn ni Thomas Birch Freeman jẹ́ nígbà tí ó dé ní oṣù September ọdún 1842. Baba òun náà ènìyàn dúdú ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù December, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì, ó bá Henry Townsend ti C.M.S. níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Abẹ́ igi Àgíyà ni a gbé wàásù ní Àgbádárìgì ní ọdún náà. Igi náà wó ní ọdún 1959. Ọ̀wọ̀n ìrántí ni ó wà ní ipò rẹ̀ lónìí. Ní oṣù January ọdún 1843, Townsend náà dé Abẹ́òkúta. Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró padà, wà lára àwọn tí ó bá a rìn.

Ní ọjọ́ 17, oṣù January, ọdún 1845, Townsend, Gollmer, àti Àjàyí náà, tí ó ti di Alùfáà Samuel Crowther, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọn kò lè gòkè. Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró ní etí ọ̀sà. Gollmer parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1845, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ọ̀nà là, àárín òjò ni. Wọ́n gba inú ẹrẹ̀ àti àbàtà, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3, oṣù August, ọdún 1846.

Ní ọjọ́ 21, oṣù August kan náà, a mú ìyá Àjàyí, Afala, tọ̀ ọ́ wá. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Ní oṣù February ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Bí ọ̀nà igbó yìí kò bá tilẹ̀ ṣe ohun mìíràn ju pé ó mú ọmọ kan padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a bá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀kọ́ àti ìwé gòkè pẹ̀lú. Àní ní ọdún 1859, Ìwé Ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa jáde láti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Townsend ní Abẹ́òkúta.

5. Bí ọ̀nà náà ti kú

Ọ̀nà a máa kú bí ènìyàn. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Láti ìgbà náà, ọjà Abẹ́òkúta yí padà sí odò Ògùn, tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà dé ọ̀sà Èkó. Àgbádárìgì sì rẹ̀yìn. Ní ọdún 1899, ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra ní Èkó dé Abẹ́òkúta. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ di ìrìn wákàtí mélòó kan. Ta ni yóò tún ru ẹrù sórí gba inú igbó?

Igbó pàápàá kò sì ṣàì fara gbá a. Láàárín ọdún 1893 sí 1895, òwò rọ́bà bẹ́ sílẹ̀. A kò gbin rọ́bà náà. Igi inú igbó wa ni ó ń mú un wá. Ní ọdún 1895 nìkan, èyí tí ó bá Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Àwọn tí ń kọ igi náà kò jẹ́ kí ó sinmi. Wọ́n kọ ọ́ láti ìdí dé òkè, ó sì gbẹ. Kò pẹ́ rárá tí òwò náà fi wó lulẹ̀, nítorí igi ti kú. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ya igbó sọ́tọ̀, ti Olókeméjì lórí odò Ògùn ní ọdún 1899; ṣùgbọ́n pákó, oko kòkó, àti ìlú tí ń gbòòrò ti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ohun tí ó dùn wá nínú èyí ni pé ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tí ó ta ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ fún tábà wo èrè ọjọ́ kan. Ẹni tí ó kọ igi títí ó fi kú náà wo èrè ọjọ́ kan. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe igi. Ṣùgbọ́n ojú tí kò rí ju ọjà òní lọ ni ó wà nídìí méjèèjì.

6. Ní etí òkun

Ní ọjọ́ ìkẹyìn ìrìn wa, a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹ́fù, a sì rin iyanrìn já sí òkun. Ọ̀nà kúkúrú ni, láàárín àgbọn, ó sì gbóná. Ọ̀nà yìí ni a mú àwọn ẹrú gbà lọ sí ibi tí ọkọ̀ gbé ń dúró dè wọ́n. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ìgbì ń wó lulẹ̀ ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí àwọn tí ń ru ẹrù. A kò kọ orin kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti pinnu láti kọrin. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wa, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, bi wá pé, “Baba, ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ibí ni ọ̀nà náà parí sí, àbí ibí ni ó ti bẹ̀rẹ̀?”

A kò dá a lóhùn lójú kan. Fún àwọn tí a kó lọ sí Bràsíl àti Kúbà, tí wọn kò padà mọ́, ibí ni ó parí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn ṣì ń pe orúkọ ìlú wa ní òkèèrè. Fún James Ferguson, fún Andrew Wilhelm, fún àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn tí wọ́n fi owó ara wọn ra àbọ̀ wọn, ibí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Fún àwa tí ó wà láàyè, ọwọ́ wa ni ìdáhùn náà wà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìjọ wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Nítorí náà a ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, kí ẹ sọ ìtàn náà ní pípé fún àwọn ọmọ yín: ti ẹni tí a tà, ti ẹni tí ó tà á, àti ti ẹni tí ó padà bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn àgbà tí ó kù ní ìlú yín léèrè ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ìlú àti àwọn odò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀, bí ìrókò kan bá ṣì dúró lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ó ti lè rí ohun tí ojú wa kò rí.

Nígbà tí a padà dé ilé, a lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ìdílé wa, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ orúkọ baba ńlá wa oníbodè náà fún wa. Ó wò wá pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdílé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tí a kọ́kọ́ rìbọmi fún nínú ilé náà. Níbẹ̀ ni yóò wà fún àwọn ọmọ wa láti kà.